Edward Calvin Kendall: Onímọ̀ Kẹ́míkà tí ó Yọ Hòmóònù Táíróìdì, tí ó sì Bá Wa Wá Oògùn Ìrora Oríkèé

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn nínú ilé ni irú ọ̀ràn yìí ti dé bá rí. Dókítà sọ fún ìyá àgbà pé táíróìdì rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà ara kékeré tí ó wà níwájú ọrùn tí ó sì rí bí labalábá, kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Wọ́n kọ oògùn levothyroxine fún un. Ọ̀sẹ̀ kẹta kò tíì pé tí ìyá fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé orúnkún ń ro òun, pé ẹran itan ń fa òun, pé òun kò lè ká ìka ọwọ́ òun bí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹnu ilé kò ní í kò mọ́. Àwọn kan yóò ní kí a dá oògùn náà dúró, nítorí òun ni ó fa ìrora. Àwọn mìíràn yóò ní kí a lọ ra oògùn ara ríro lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri. Bí èyí ṣe lè ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Cotonou, bẹ́ẹ̀ náà ni ó lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé ní àdúgbò Dar es Salam ní Niamey, olú-ìlú Niger.

Ìmọ̀ràn méjèèjì yìí lè ṣe aláìsàn ní ibi. Kí a lè mọ ìdí rẹ̀, ó yẹ kí a mọ ìtàn ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Edward Calvin Kendall. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó yọ hòmóònù táíróìdì jáde ní ògidì. Ní nǹkan bí ọdún 34 lẹ́yìn náà, ó tún wà lára àwọn tí ó mú cortisone jáde, ìyẹn oògùn tí prednisolone àti dexamethasone jẹ́ ìbátan rẹ̀.

Ìbí àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

A bí Kendall ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 1886 ní South Norwalk, ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Oníṣègùn eyín ni bàbá rẹ̀. Yunifásítì Columbia ní New York ni ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́míkà, ibẹ̀ náà ni ó sì ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1910. Kì í ṣe dókítà oníṣègùn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mọ ohun tí ó wà nínú nǹkan, kí ó yà á sọ́tọ̀, kí ó sì mọ bí a ti ṣe tò ó pọ̀.

Ní ọdún tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ náà ni ó gba iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ apoògùn Parke-Davis ní Detroit. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kí ó wá ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ gan-an nínú táíróìdì ẹranko. Kò pẹ́ níbẹ̀ tí ó fi padà sí New York, níbi tí ó ti ń bá ìwádìí náà lọ ní ilé ìwòsàn St. Luke's láti 1911. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1914, ó lọ sí Mayo Clinic ní ìlú Rochester, ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Ibẹ̀ ni ó ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tí a ti mọ̀ ṣáájú rẹ̀

Kendall kọ́ ni ó kọ́kọ́ mọ̀ pé táíróìdì ṣe pàtàkì. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti mọ gẹ̀gẹ̀, ìyẹn wíwú ọrùn, pàápàá ní àwọn ilẹ̀ tí ó jìnnà sí òkun tí iodine kò pọ̀ nínú ilẹ̀ àti omi wọn. Ní 1891, dókítà kan ní Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, George Murray, fún obìnrin kan ní abẹ́rẹ́ omi tí ó fún láti inú táíróìdì àgùntàn. Ara obìnrin náà ti wú, ó ti le, ìrònú rẹ̀ sì ti falẹ̀ nítorí pé táíróìdì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ara rẹ̀ yá. Ó sì ń lo oògùn láti ara táíróìdì àgùntàn títí ó fi kú ní 1919, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 74. Ní 1895 ẹ̀wẹ̀, Eugen Baumann, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, rí i pé iodine wà nínú táíróìdì.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan kù. Agbára oògùn tí a ṣe láti ara ẹran kì í dọ́gba. Èyí tí a ṣe lónìí lè lágbára ju ti àná lọ. Dókítà kò lè sọ ní pàtó iye tí ó fún aláìsàn. Bí ara bá ń ro aláìsàn, kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ bóyá oògùn pọ̀ jù ni tàbí ó kéré jù. Àfi kí ẹnì kan yọ ògidì ohun náà jáde.

Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1914

Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí Kendall fúnra rẹ̀ máa ń sọ, oorun ni ó gbé e lọ ní alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù Kejìlá ọdún 1914, nígbà tí ó ń gbé ọtí líle kan gbẹ lórí iná nínú yàrá ìwádìí. Nígbà tí yóò fi jí, ọtí náà ti gbẹ tán, ohun funfun kan sì ti gbá sí ìdí ìkòkò. Dípò kí ó dà á nù, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rí i pé iodine pọ̀ nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, ọjọ́ Kérésìmesì gan-an, ó rí hóró dídán ti hòmóònù náà ní ògidì. Orúkọ tí a fi ń pè é lónìí ni thyroxine. Iodine nìkan kó nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó wà lẹ́yìn èyí kì í ṣe kékeré. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 3 táíróìdì ẹlẹ́dẹ̀ ni Kendall àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ lò kí wọ́n tó rí gíráàmù 33 péré. Ó yẹ kí olùtọ́jú ronú sí iye yìí. Bí aláìsàn bá ń lo máíkírógíráàmù 100 lójúmọ́, gíráàmù 33 tó o lò fún ọjọ́ 330,000, èyí tí ó ju 900 ọdún lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ara ń fẹ́ ṣe kéré tó. Ìdí nìyí tí dókítà kì í fi í ṣe àfikún oògùn yìí ní wàràwàrà. Máíkírógíráàmù 12.5 tàbí 25 ni wọ́n sábà máa ń fi kún un tàbí yọ kúrò. Fún àgbàlagbà àti ẹni tí ó ní àrùn ọkàn, ìwọ̀n kékeré ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í ni ni lára.

Kendall ṣe àṣìṣe nínú iṣẹ́ náà. Ó yọ hòmóònù jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà nípa bí a ti ṣe tò ó pọ̀. Charles Harington, ará Gẹ̀ẹ́sì, ni ó wá ṣàlàyé rẹ̀ bí ó ti yẹ ní 1926. Ní 1927, òun àti George Barger fi ọwọ́ ṣe é nínú yàrá ìwádìí láì lo táíróìdì ẹranko. Láti ara iṣẹ́ wọn ni a ti dé orí hóró levothyroxine tí a ń lò lónìí, tí ó wà nínú àkójọ àwọn oògùn kòṣeémánìí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Kí ni ó dé tí ara fi ń ro ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn?

Àǹfààní tí iṣẹ́ Kendall ṣe fún wa ni pé a lè dáhùn ìbéèrè yìí nísinsin yìí, nítorí a mọ iye hòmóònù tí ó wọ ara.

Ìdí kìíní ni pé àìsàn náà fúnra rẹ̀ ni ó sábà máa ń fa ìrora. Bí hòmóònù táíróìdì bá kéré, ẹran ara kì í lè lo oúnjẹ rẹ̀ dáadáa. Yóò máa ro, yóò máa fà, yóò sì rẹ̀. Oríkèé máa ń le, ọwọ́ sì lè máa kú tàbí ta bí abẹ́rẹ́. Oògùn kì í mú èyí kúrò ní ọjọ́ kan. Hòmóònù yìí máa ń pẹ́ nínú ara, ó tó ọjọ́ méje kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni a fi ń dúró kí a tó tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn àtúnṣe ìwọ̀n. Ẹran ara lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè gba oṣù púpọ̀ kí ìrora tó lọ tán, kódà lẹ́yìn tí àyẹ̀wò bá ti dára.

Ìdí kejì ni pé oògùn lè pọ̀ jù. Àmì rẹ̀ ni kí ọkàn máa lù kìkì, kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí oorun máa dá, kí aláìsàn máa làágùn kí ó sì máa rù. Itan àti apá lè di aláìlágbára tó bẹ́ẹ̀ tí dídìde lórí àga á fi di iṣẹ́. Bí èyí bá pẹ́, egungun náà á máa rọ.

Ìdí kẹta ni àyípadà irú oògùn. Ní ilẹ̀ Faransé ní 2017, a pààrọ̀ àwọn èròjà tí a fi ń di hóró Levothyrox pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé hòmóònù inú rẹ̀ kò yí padà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn ni ó ráhùn pé iṣan ń fa àwọn, pé ara ń ro àwọn, pé ó sì ń rẹ àwọn. Èyí kan wa, nítorí oògùn láti ilẹ̀ Faransé máa ń dé Niger àti Benin. Bí a bá yí irú hóró padà, kí a sọ fún dókítà, kí a sì tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ.

Ìdí kẹrin ni pé àìsàn mìíràn lè wà pẹ̀lú rẹ̀. Àrùn oríkèé tí ó ń mú kí oríkèé wú kí ó sì gbóná lè bá àìsàn táíróìdì rìn pọ̀ lára ẹnì kan. Oògùn tí a fi ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, irú èyí tí a ń pè ní statin, náà máa ń ba ẹran ara jẹ́ ní ìrọ̀rùn bí táíróìdì kò bá tíì dára.

Láti ọrùn dé orí kíndìnrín

Kendall kò dúró lórí táíróìdì. Ní àwọn ọdún 1930, ó yíjú sí ẹ̀yà ara kékeré méjì tí ó dé orí kíndìnrín bí fìlà. Ó yọ àwọn hòmóònù bí mélòó kan jáde nínú èèpo wọn, ó sì fi lẹ́tà A, B, E àti F pè wọ́n. Ní Mayo Clinic kan náà, dókítà kan wà tí ó ń jẹ́ Philip Hench, tí ó ń tọ́jú àwọn tí àrùn oríkèé ti sọ di arọ. Hench ti ṣàkíyèsí láti 1929 pé bí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ bá ní ibà pọ́njú tàbí tí ó bá lóyún, ìrora oríkèé rẹ̀ a máa rọlẹ̀. Ó gbà pé ohun kan wà nínú ara tí ó ń ṣe èyí. Ní 1941, òun àti Kendall fẹnu kò pé hòmóònù E ni ó yẹ kí a fi dánwò. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi dúró, nítorí kò sí èyí tí ó tó láti fún ènìyàn kan ṣoṣo. Lewis Sarett ti ilé-iṣẹ́ Merck ni ó wá ọ̀nà láti ṣe é láti inú òróòro màlúù.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1948, a fún obìnrin ẹni ọdún 29 kan ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè kúrò lórí ibùsùn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó dìde, ó rìn, kí ọ̀sẹ̀ kan sì tó kọjá, ó ti lọ rajà ní ìlú. Wọ́n sọ hòmóònù náà ní cortisone. Ní 1950, Kendall, Hench àti Tadeus Reichstein ti Switzerland jọ gba Ẹ̀bùn Nobel.

Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà wà nínú ìtàn yìí. Nítorí pé oògùn náà ṣọ̀wọ́n púpọ̀, àwọn onímọ̀ ewéko wá sí agbègbè wa ní 1949 láti wá irúgbìn Strophanthus sarmentosus, ohun ọ̀gbìn tí ó wà nínú ẹbí àwọn tí ọdẹ fi ń ṣe oró ọfà, bóyá a lè rí cortisone ṣe láti ara rẹ̀. Kò pẹ́ tí a fi rí ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti ara iṣu ìgbẹ́ ilẹ̀ Mẹ́síkò.

Ayọ̀ náà kò lọ láìní ìkọ̀sílẹ̀. Láìpẹ́, àwọn dókítà rí i pé cortisone kì í wo àrùn oríkèé sàn. Ìrora a máa padà bí a bá dá a dúró. Ojú aláìsàn a sì máa wú rọ̀gọ̀dọ̀, ìfúnpá àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ a máa lọ sókè, egungun a máa rọ, àkóràn a sì máa tètè wọlé. Èyí tí ó burú jù ni pé ẹ̀yà orí kíndìnrín a máa sùn, nítorí pé oògùn ti gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Ibi tí iṣẹ́ méjèèjì ti pàdé

Ibí yìí ni ìtàn Kendall ti kan aláìsàn inú ilé wa. Àwọn hóró tí a ń tà lórí igbá ní ọjà, tí a ní ó ń pa ìrora oríkèé lójú ẹsẹ̀, lè jẹ́ dexamethasone tàbí prednisolone. Òmíràn ni a lọ̀ mọ́ àgbo láì sọ fún ẹni tí ó rà á. Bí ìyá bá ti lò ó fún oṣù díẹ̀, ẹ̀yà orí kíndìnrín rẹ̀ ti sùn. Bí ó bá wá dá a dúró lójijì, tí ó sì ń lo levothyroxine lọ́wọ́, ewu ńlá ni. Levothyroxine máa ń mú kí ara tètè lo hòmóònù orí kíndìnrín tán. Bí kò bá sí èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀, aláìsàn lè máa bì, kí òòyì kọ́ ọ, kí ìfúnpá rẹ̀ já wálẹ̀, kí ó sì dákú. Ó lè kú.

Nítorí náà, kí òṣìṣẹ́ ìlera tó bẹ̀rẹ̀ levothyroxine, kí ó bi aláìsàn léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nípa gbogbo oògùn ara ríro tí ó ti lò, àti ti ọjà àti ti àgbo. Kí ó má fi ìbéèrè náà dójú tì í. Ẹni tí a bá bá wí kò ní sọ òótọ́.

Ìparí ayé rẹ̀

Kendall fẹ̀yìn tì ní Mayo Clinic ní 1951, ó sì kó lọ sí Princeton ní ìpínlẹ̀ New Jersey, níbi tí ó ti ń bá ìwádìí lórí hòmóònù orí kíndìnrín lọ. Ní 1971, ó tẹ ìwé kan jáde nípa ìgbésí ayé àti iṣẹ́ rẹ̀, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Cortisone. Ó kú ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 1972, ní ẹni ọdún 86.

Ohun tí olùtọ́jú lè ṣe

- Ẹ má dá levothyroxine dúró fúnra yín nítorí pé ara ń ro aláìsàn, ẹ má sì fi kún un. Ẹ kọ ọjọ́ tí ìrora bẹ̀rẹ̀, ibi tí ó wà, àti ìwọ̀n oògùn ìgbà náà, kí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.
- Kí aláìsàn lo oògùn ní òwúrọ̀ pẹ̀lú omi nìkan, ní ìṣẹ́jú 30 sí 60 kí ó tó jẹun. Kí ó fi wákàtí mẹ́rin sí àárín òun àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ó ní irin nínú tàbí oògùn kálísíọ̀mù.
- Ẹ pa oògùn mọ́ kúrò nínú ooru, oòrùn àti ọ̀rinrin. Ní Niamey, ooru oṣù Kẹrin máa ń kọjá ìwọ̀n 40. Oògùn tí ó wà lẹ́bàá fèrèsé tàbí nínú ọkọ̀ lè pàdánù agbára rẹ̀, ìrora á sì padà.
- Ẹ jẹ́ kí aláìsàn máa rìn díẹ̀díẹ̀, kí ó máa na ẹsẹ̀ àti ọwọ́. Ẹni tí ó ti jókòó tipẹ́ kò gbọdọ̀ fi agbára bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.
- Bí ó bá ti ń lo prednisolone tàbí dexamethasone tẹ́lẹ̀, ẹ má dá a dúró lójijì. Dókítà ni yóò dín in kù díẹ̀díẹ̀.
- Ẹ fi iyọ̀ tí a fi iodine sí se oúnjẹ ilé. Kì í rọ́pò oògùn, ṣùgbọ́n ó ń dáàbò bo àwọn ọmọ àti aláboyún.

Ẹ gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ bí àyà bá ń dùn ún tàbí tí kò lè mí dáadáa. Bí ọkàn rẹ̀ bá ń sáré láìdúró. Bí ẹran ara bá ń ro ó gidigidi tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú. Bí oríkèé kan bá wú, tí ó pọ́n, tí ibà sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá ń bì tí òòyì sì ń kọ́ ọ. Tàbí bí ara rẹ̀ bá tutù tí ó ń sùn tí kò sì ṣeé jí.

Ọdún mẹ́rin ni Kendall fi wá hóró kan kí ó tó rí i. Bí ìyá bá ń béèrè ìdí tí ìrora kò fi tíì lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ jókòó tì í, kí ẹ ṣàlàyé fún un pé oògùn náà kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, kí ẹ sì rí i dájú pé ó padà lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ tí a dá fún un.